Ọwọ́ Kan Kò Gbẹ́rù Dórí: Ẹ̀kọ́ Lórí Àwọn Ọ̀dọ́ Wa Tó Ní Àtọ̀gbẹ

 

Ẹ̀kọ́ tí a ó kọ́ nínú ìwé wa ti oṣù yìí kì í ṣe ti owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ti gbèsè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ó dé ọ̀rọ̀ àjọ kí ó tó parí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni. Àwọn tó ti ń di géńdé, tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n ń bá wa jókòó ti ọjà, tí wọ́n wà ní ilé-ìwé gíga, ṣùgbọ́n tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ lára. Púpọ̀ nínú wa ló rò pé àìsàn àgbàlagbà nìkan ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ ka ẹ̀kọ́ yìí, kí ẹni tó mọ̀wé kà á sétí ẹni tí kò mọ̀wé.

1. KÍ NI ÀTỌ̀GBẸ?

Orúkọ rẹ̀ ti ṣàlàyé ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní in a máa tọ̀ ṣáá, títí ara rẹ̀ á fi gbẹ. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìtọ̀ ṣúgà, nítorí pé èèrà a máa bo ibi tí onítọ̀hún bá tọ̀ sí.

Púpọ̀ nínú oúnjẹ wa, ẹ̀bà ni o, àmàlà ni o, ìrẹsì ni o, ara á sọ ọ́ di ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gbé e kiri. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas. Òun ló ń ṣe omi kan tí wọ́n ń pè ní insulin. Kí ló wúlò fún? Ẹ wo ọkọ̀ ẹrù tó já ọjà sílẹ̀ ní ẹnu géètì wa. Bí kò bá sí alábàárù, ẹrù á kún ẹnu ọ̀nà, ìsọ̀ á sì ṣófo. Ṣúgà ni ẹrù, ẹ̀jẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà, ara wa ni ìsọ̀, insulin sì ni alábàárù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ fi lè máa jẹun dáadáa kí ó sì máa rù.

Irú méjì ló wọ́pọ̀. Nínú irú tó ń mú àwọn àgbàlagbà jù, alábàárù wà, ṣùgbọ́n wọn kò tó, tàbí kí ara má gba ẹrù lọ́wọ́ wọn mọ́. Nínú irú kejì, tó sábà máa ń mú ọmọdé àti ọ̀dọ́, kò sí alábàárù rárá. Àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kí wọ́n máa bá àrùn jà ni wọ́n kọjú ìjà sí ibi tí insulin ti ń wá, bí ìgbà tí ọlọ́dẹ ọjà bá ṣi alábàárù mú ní olè. Nítorí náà, ọmọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa gba abẹ́rẹ́ insulin lójoojúmọ́. Kì í ṣe ṣúgà tó jẹ lọ́mọdé ló fà á. Kò ràn. Kì í ṣe àsàsí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí ẹnì kankan nínú ìdílé wọn tó ní irú rẹ̀ rí, nítorí náà kí ìyá ọkọ má dá ìyàwó lẹ́bi.

2. ÀWỌN ÀMÌ RẸ̀

Bí ọmọ bá ń dìde tọ̀ lóru léraléra, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ní àgbẹjù, tí ó ń rù, tí ó ń rẹ̀ ẹ́ láìṣiṣẹ́, tí ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹ mú un lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, bí kò bá tíì jẹun láàárọ̀, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í sábà tó 100. Bí ó bá jẹ́ 126 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì tó ṣì rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Ṣùgbọ́n bí ó bá ń bì, tí inú ń run ún, tí ó ń mí gúlegúle, tí èémí rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti pọ́n jù, ẹ má dúró de ọ̀la, ẹ má kọ́kọ́ wá àgbo. Ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Àìsí insulin ló ń bá a jà, ó sì ń pani.

3. ÌTÀN DÓKÍTÀ TÓ NÍ ÀTỌ̀GBẸ

Kí ó tó di ọdún 1922, ọ̀dọ́ tó bá ní irú kejì yìí, kò sí ohun tí dókítà lè ṣe ju pé kí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù gan-an, kí ikú fi lè pẹ́ díẹ̀. Ní ọdún 1921, ní ìlú Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Frederick Banting àti akẹ́kọ̀ọ́ kan, Charles Best, rí insulin fà jáde lára ẹran. Ní oṣù kìíní ọdún 1922 ni wọ́n gún un fún ọmọkùnrin ọmọ ọdún 14 kan, Leonard Thompson, tó ti rù kan eegun. Ọmọ náà gbádùn, ó sì tún lo ọdún 13 láyé. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ta ẹ̀tọ́ wọn lórí rẹ̀ fún yunifásítì ní dọ́là kan péré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ọjọ́ ìbí Banting, ni gbogbo ayé fi ń rántí àtọ̀gbẹ títí di òní.

Èyí tó kan ẹ̀kọ́ wa jù ni ti Robert Lawrence, ọmọ ilẹ̀ Skọ́tílándì. Dókítà lòun náà. Ọmọ ọdún 28 ni ní 1920 nígbà tí wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára rẹ̀. Ó mọ̀ pé ikú ni, ó bá kó lọ sí ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, kí ó má baà kú lójú àwọn ẹbí rẹ̀. Ní ọdún 1923, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ilé ìwòsàn ní Lọ́ńdọ̀nù fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí i pé insulin ti dé, ó sì ń ṣiṣẹ́, kí ó yára padà. Ó wa mọ́tò láti Ítálì dé Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú àìlera rẹ̀. Ó gba abẹ́rẹ́ náà, ó sì yè.

Kí ló wá ṣe lẹ́yìn náà? Kò fi àìsàn rẹ̀ pamọ́. Ní ọdún 1934, òun àti H. G. Wells, òǹkọ̀wé tó lókìkí tóun náà ní àtọ̀gbẹ, dá ẹgbẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí olówó àti mẹ̀kúnnù lè rí insulin gbà, kí wọ́n sì máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ náà ṣì wà títí di òní. Lawrence fúnra rẹ̀ kò kú títí di 1968, ó ti lé ní ẹni ọdún 75. Ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tó lọ dúró de ikú ní ọmọ ọdún 28! Insulin ló mú un yè, ẹgbẹ́ ló fi mú àwọn ẹlòmíràn yè.

4. OHUN TÓ Ń ṢE ÀWỌN Ọ̀DỌ́ WA

Ọmọdé tó ní àìsàn yìí, ìyá rẹ̀ ló ń gún un lábẹ́rẹ́. Bó bá ti di géńdé, ó kúrò lọ́wọ́ ìyá, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ń tì í. Bí ó bá yọ abẹ́rẹ́ nínú ọkọ̀, wọ́n á ní oògùn olóró ló ń fà. Bí àfẹ́sọ́nà bá dé, ẹ̀rù á bà á láti sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á ní kí ó dá abẹ́rẹ́ dúró, kí ó máa mu ewé. Ẹlòmíràn á ní àwọn ti gbàdúrà, ó ti tán. Bí ó bá dé klíníìkì, àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà ló kún ibẹ̀, á wá rò pé òun nìkan ni irú rẹ̀ bá láyé.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ọjà wa tó ń kọ́ aṣọ rírán. Ilé ìyàgbẹ́ ló ti máa ń gún abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò ṣe mọ́, òun máa padà sílé. Ọjọ́ kan ní klíníìkì, ó rí ọmọkùnrin kan tó ṣẹ́ aṣọ rẹ̀ sókè tó gún ikùn ara rẹ̀ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, tó tún ń jẹ ẹ̀pà lọ. Ó sún mọ́ ọn. Àwọn méjì yìí ló bẹ̀rẹ̀. Ní báyìí wọ́n ti di márùn-ún, wọ́n ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹni tó rí ilé oògùn tí insulin wà á sọ fún èkejì. Ẹni tó ti sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ á ṣàlàyé bí òun ṣe sọ ọ́. Ọmọ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

Bí ẹ bá ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ bi nọ́ọ̀sì klíníìkì àtọ̀gbẹ léèrè àwọn ọ̀dọ́ mìíràn tó ń wá. Irú klíníìkì bẹ́ẹ̀ wà ní UCH Ìbàdàn, ní LUTH ní Ìdí-Àràbà, àti ní OAUTHC Ilé-Ifẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ Nàìjíríà náà wà. Ẹni méjì tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ní òfin mẹ́ta. Èkíní, a kì í pín abẹ́rẹ́ lò. Èkejì, ìwọ̀n insulin tèmi kì í ṣe ìwọ̀n tìrẹ, dókítà ló ń sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnìkejì pé kí ó dá insulin dúró, ì báà jẹ́ ọjọ́ tí kò lè jẹun. Ilé ìwòsàn ni kí ó ti béèrè.

Ọmọbìnrin tó ní àtọ̀gbẹ lè lọ́kọ, ó sì lè bímọ. Kí ó ṣáà rí dókítà kí ó tó lóyún, kí ṣúgà rẹ̀ ti wà ní ìwọ̀n.

5. OHUN TÍ ÀWA NÍNÚ ỌJÀ LÈ ṢE

Bí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ jù. Ẹni tó ń gba insulin, bí kò bá jẹun lásìkò, tàbí tó ṣiṣẹ́ jù, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kọjá 70. Á máa gbọ̀n, á làágùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa dàrú bí ẹni tó mutí. Ẹ má nà án, ẹ má sì pe aládùúrà kọ́kọ́. Ẹ fún un ní hóró ṣúgà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí ìdajì ìgò mínírà tó ní ṣúgà nínú. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 15. Bí kò bá tíì yí padà, ẹ tún fún un. Bó bá ti gbádùn, kí ó jẹun gidi. Bí ẹ kò bá mọ̀ bóyá ó lọ sókè ni tàbí sílẹ̀, ẹ ṣì fún un ní ṣúgà, nítorí èyí tó lọ sílẹ̀ ló ń tètè pani. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dákú, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu: kì í ṣe ṣúgà, kì í ṣe epo, kì í ṣe ṣíbí. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá.

Ibi tí a ó tọ́jú insulin sí. Èyí tí a kò tíì ṣí, inú fíríìjì ni, kì í ṣe ibi tó ń di yìnyín. Bó bá ti dì, ó ti bàjẹ́. Èyí tí a ń lò lọ́wọ́ lè wà níta fún ọjọ́ 28 bí ooru kò bá pọ̀, ṣùgbọ́n ooru abẹ́ páànù ìsọ̀ wa ti pọ̀ jù. Ẹ rántí ìkòkò amọ̀. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní òkè ọya, ló fi ìkòkò kékeré sínú ńlá, tó da iyanrìn tútù sáàárín wọn, kí tòmátò àti ìgbá àwọn ọlọ́jà má baà tètè bàjẹ́. Ó gba ẹ̀bùn ńlá lágbàáyé lórí rẹ̀ ní ọdún 2000. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ń mú kí insulin wà nínú ìtura. Ẹ fi ọ̀rá wé e kí omi má kàn án, ẹ sì gbé ìkòkò síbi tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ó ń tutù dáadáa nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ ju ìgbà òjò lọ.

Owó rẹ̀. Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀ ni owó insulin ti gbéra sọ. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò bí ọlọ́jà. Ìgò kan tó jẹ́ 10 ml ní yúnítì 1,000. Ká ní dókítà kọ 40 lóòjọ́ fún ọmọ kan, ọjọ́ 25 ni ìgò náà máa tó. Ìyá tó bá ra ìgò kan lóṣù rò pé òun ti parí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún ṣófo. Ọmọ ò ní fẹ́ dá ìyá lágara, á wá máa dín in kù láìsọ fẹ́nì kan, láàárín ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé wọn dìgbàdìgbà. Ìgò 15 lọ́dún ni kí ẹ ṣírò, kì í ṣe 12. Ẹ dá àjọ rẹ̀ sọ́tọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí alájọ má sì jẹ́ kí a fi owó náà ra ankara.

Oúnjẹ. Kò sí òkèlè tí kì í di ṣúgà. Àmàlà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kì í ṣe oògùn. Ìwọ̀n ló ṣe kókó, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja pọ̀ nínú abọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ÌSỌ̀

(1) Kí nìdí tí ẹni tó ní àtọ̀gbẹ fi ń rù bó tilẹ̀ ń jẹun?
(2) Kí ni a kò gbọdọ̀ ṣe fún ẹni tó dákú?
(3) Bí ọmọ bá ń lo yúnítì 50 lóòjọ́, ọjọ́ mélòó ni ìgò kan máa tó?
(4) Ta ni nínú ìsọ̀ wa tó lè yọ̀ǹda àyè fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí láti máa pàdé?

Ìbéèrè kẹrin yìí ni kí ẹ má fi sílẹ̀ láìdáhùn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà la wà yìí, àwa náà sì ni àgbà. Ó dìgbà tí ìwé tó ń bọ̀ bá jáde.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ni.