Titus Tútù Nínú Òkun Brighton

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan ní London àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fẹ́ háyà ọkọ̀ ojú omi ní Brighton láti fi ìwọ̀ pẹja lọ́jọ́ kan. Kí ni kí wọ́n múra sílẹ̀ fún?

Ìdáhùn: Mákárẹ́lì ni, ẹja tí àwọn ará ilé ń pè ní Titus! Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń pọ̀ níbẹ̀. Ìyẹ́ ẹyẹ ni wọ́n ń so mọ́ ìwọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ekòló. Bí agbo ẹja bá kọjá, mẹ́ta lè gbé ìwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹ̀yìn wọn á máa kọ mànà, ilà dúdú lórí àwọ̀ ewé. Ti inú fìríìsà kì í dán tó bẹ́ẹ̀.

Òòyì òkun ló le. Kí ẹni tó máa ń kọ́ lo oògùn rẹ̀ kí ọkọ̀ tó ṣí, torí bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, oògùn kò ní dúró nínú.

Kí wọ́n gbé kúlà àti yìnyín dání. Mákárẹ́lì tètè máa ń bàjẹ́.