Bí Ẹ Bá Fẹ́ Kọ́ Saikọ́lọ́jì Onídánwò láti Kétu

Ẹ̀yin tí ẹ ti ìhà Nàìjíríà wọ Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, tí ẹ sì fẹ́ gba Master tàbí oyè dókítà nínú saikọ́lọ́jì, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń fi ìdánwò ṣe, ẹ má jẹ́ kí yunifásítì tó wà nílùú tàn yín o: iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Abomey-Calavi, lẹ́bàá Kútọnu, ni ẹ ó forí lé. Yunifásítì ìjọba tó wà níbẹ̀ láti 1970 ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá àti àwùjọ. Ọdún 3 ni Licence, 2 ni Master, 3 ni wọ́n là sílẹ̀ fún dókítà. Faransé ni gbogbo rẹ̀, èyí tí ẹ sì fi ń ná ọjà kò ní tó láti fi kọ ìwé àpilẹ̀kọ.

Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún yín ní ọjọ́ 90 láìgba físà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lọ gba ìwé ìgbélùú. Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ló le jù. Ní oṣù Kìíní 2024, Nàìjíríà dá ìfọwọ́sí ìwé ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan gba dìgírì ní Kútọnu láàárín oṣù méjì péré. Bí ẹ bá ń rò ó láti padà lọ ṣiṣẹ́ nílé, ẹ bi iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Abuja léèrè nípa ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Ẹni tí Faransé bá ṣòro fún lè forúkọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, kó wá fi Kétu ṣe pápá ìwádìí. Ní tèmi, ọ̀nà tó dára ni.

Olùkọ́ tó máa tọ́ yín sọ́nà ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ṣé ó ní ìdánwò tó ń lọ lọ́wọ́? Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń jókòó ti èèyàn, àbí ìwé nìkan ni wọ́n ń kà?

Ẹ wo àpẹẹrẹ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdánwò kan tó rọrùn lójú. Olùwádìí á ka nọ́ńbà sétí ọmọ, ọmọ á tún un pè lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n á máa fi kún un títí yóò fi ṣì í. Ọmọ Kétu lè ṣe é ní Faransé nílé ìwé, kó ṣe é ní Yorùbá nílé. Un, deux, trois: sílébù kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ení, èjì, ẹ̀ta: sílébù méjì méjì ni, títí dé ẹ̀sán. Láti 1975 ni onímọ̀ saikọ́lọ́jì Alan Baddeley àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti fi hàn pé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pẹ́ lẹ́nu tó ni iye tí a ń rántí ṣe ń dín kù. Ní 1980, àwọn olùwádìí méjì, Ellis àti Hennelly, rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó gbọ́ èdè Wales àti Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, bí nọ́ńbà tí ọmọ yìí rántí ní Yorùbá bá kéré, ó lè jẹ́ pé ẹnu ló pẹ́, kì í ṣe pé ọpọlọ rẹ̀ kù díẹ̀. Ó ń dùn mí bí wọ́n bá gbé òṣùwọ̀n tí wọ́n ṣe fún ọmọ Paris wá wọn ọmọ wa, tí wọ́n sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ bí òótọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè méjèèjì lẹ lè tún un ṣe.

Ẹ má sì rò pé ibí kéré fún iṣẹ́ ńlá. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé Leonard Wantchekon, ọmọ Zagnanado, lódìkejì odò Ouémé, fi ìbò ààrẹ Bẹ̀nẹ̀ ní 2001 ṣe ìdánwò: wọ́n ṣẹ́ gègé lórí àwọn abúlé, àwọn kan gbọ́ ìlérí fún ẹkùn tiwọn, àwọn míì gbọ́ ètò fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Òṣèlú ni, ṣùgbọ́n gègé yẹn gan-an ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yín. Ní 2011, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Nathan Nunn fi hàn pé àwọn ẹ̀yà tí òwò ẹrú jẹ run jù kì í fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán èèyàn títí di òní.

Kétu náà rí ogun Dahomey, tó wó ìlú ní 1886. Nítorí náà, ẹ má retí pé wọ́n á fọkàn tán yín kíákíá: ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálé agbo ilé tí ẹ fẹ́ wọ̀. Ẹ ka ìwé ìyọ̀ǹda sókè ní Yorùbá, lójú ẹnìkan láti inú agbo ilé náà. Ẹ jẹ́ kí àgbà dánra wò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó máa ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi dáhùn. Ẹni tó bá sì ní òun kò ṣe mọ́, ẹ yọ orúkọ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má bi í nídìí.