Ìyá Ìbejì àti Ìdájọ́ Ìlú: Láti Oǹdó dé Ayétòrò

Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were. Bí ìlú bá wá ní kí abiyamọ di etí rẹ̀ sí ẹkún yìí ńkọ́? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò nìyẹn. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìbejì ní kíláàsì, orí àpọ́nlé ni a sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí: ère ìbejì, ẹ̀wà àti epo, oríkì ẹdúnjọbí. Àfi bí ẹni pé láti ìwáṣẹ̀ ni Yorùbá ti ń gbé ìbejì gẹ̀gẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921, sọ pé pípa ni wọ́n ń pa ìbejì nígbà láéláé.

Ibẹ̀ ni ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ Oǹdó ti bẹ̀rẹ̀. Olorì kan bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Àwọn kan ní Ọ̀yọ́ ni, àwọn kan ní Ifẹ̀ ni; ìyẹn kò kàn wá níhìn-ín. Àánú ṣe ọba, kò lè pa wọ́n, ó bá ní kí wọ́n sin ìyá àti àwọn ọmọ jìnnà sí ìlú. Púpùpú, èyí obìnrin nínú wọn, ni ó di ọba àkọ́kọ́ ní Oǹdó. Títí di òní, Lóbùn, olóyè obìnrin, ní ipa pàtàkì nínú ìfọbajẹ níbẹ̀.

Àwọn òpìtàn máa ń yin ọba fún àánú yìí. Èmi kò bá wọn yìn ín tó bẹ́ẹ̀. Ó dá ẹ̀mí sí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò fagi lé òfin. Orí ìtẹ́ ni òun jókòó sí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni ó gbé ọmọ méjì wọ igbó, tí gbogbo ìlú sì kà á sí ẹni ẹ̀gbin. Síbẹ̀, orúkọ Púpùpú ni ó kún ẹnu wa; ìyá rẹ̀ kì í ju gbólóhùn kan lọ nínú ìtàn. Ohun tó wú mi lórí jù ni àlàyé tí àwọn ará Oǹdó ń ṣe nípa oyè Òṣemàwé. Wọ́n ní láti inú igbe tí ọba ké nígbà tó rí ìbejì náà, pé èèwọ̀ rèé, ni oyè ti jáde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dá ìyá lẹ́bi ni àwọn ọmọ rẹ̀ fi ń jọba!

Ẹnìkan lè ní ìtàn ìwáṣẹ̀ lèyí. Ó dára, ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ láti Oǹdó, kí a gba ilẹ̀ Ìkálẹ̀ kọjá lọ sí etí òkun. Abẹ́ Òkìtìpupa ni Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ jọ wà nígbà ayé àwọn òyìnbó, ẹja Ìlàjẹ sì ni a fi ń jẹ púpurú Ìkálẹ̀. Ní 1947, àwọn apẹja Ìlàjẹ kan tí wọ́n jẹ́ Aládùúrà kọ̀ jálẹ̀ pé pípa ìbejì kò tọ́. Wọ́n ṣe inúnibíni sí wọn, wọ́n sì lọ tẹ Ayétòrò dó sórí ẹrẹ̀ etí omi. Orí òpó ni wọ́n kọ́ ilé sí, wọ́n sì pa ohun ìní wọn pọ̀ ṣe ọ̀kan.

Níhìn-ín pẹ̀lú, orúkọ àwọn aṣáájú ọkùnrin ni a ń gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jà fún ìbejì tí ìyá rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbé mọ́ra? Irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò lè kéré níye, nítorí ìbejì pọ̀ nílẹ̀ wa ju ibi púpọ̀ láyé lọ. Ìwádìí àwọn oníṣègùn ní Ìgbó-Ọrà nígbà kan rí nǹkan bí 45 nínú 1,000 ìbí, nígbà tí ti Yúróòpù kò ju bí 10 sí 12 lọ.

Òkun ti ń gba ilé Ayétòrò láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ará ibẹ̀ sì ń ṣí kúrò. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ ìwádìí ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè nínú wa lè mú ohun ìgbohùnsílẹ̀ dání, kí ó lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà tó ṣẹ́kù.