Bí gíábọ́ọ̀sì ọkọ̀ tí ẹ fi ń ṣòwò bá ń jò: Ohun tí ọlọ́kọ̀ lè ṣe nílé kó tó di owó ńlá

Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ni oníbúrẹ́dì tàbí ẹni tó ń ta omi inú ọ̀rá fi ń pín ọjà, ọjọ́ tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ bá kú ni òwò náà dúró. Bẹ́ẹ̀, gíábọ́ọ̀sì kì í sábà kú lójijì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ́ìlì ti ń jò lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò kà á sí.

Ohun tó yẹ kí ọlọ́kọ̀ mọ̀ ni pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lè máa jó díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ti gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí kì í jó. Bó bá ti dín kù, ó jò ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ ni kò sì ní iná kankan níwájú dírẹ́bà tó ń kìlọ̀ pé ó ti dín kù. Ẹ̀kán ọ́ìlì tó wà nílẹ̀ láàárọ̀ ni ìkìlọ̀.

Ibi tó ti ń jò ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Kí wọ́n fi kárósíìnì fọ abẹ́ gíábọ́ọ̀sì, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí wọ́n wa ọkọ̀ díẹ̀, kí wọ́n wá tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Ọ́ìlì gíà máa ń ki, òórùn rẹ̀ sì le bíi ti imí-ọjọ́. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti pẹ́ máa ń dúdú. Ti búréèkì máa ń ṣàn bí omi.

Ibi mẹ́rin ló sábà máa ń jò:

1. Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì sí àti èyí tí wọ́n ń gbà tú u jáde. Wọ́ṣà tuntun lè parí ọ̀rọ̀ náà.

2. Ihò èémí tó wà lókè gíábọ́ọ̀sì. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, ooru inú yóò ti ọ́ìlì gba ara síìlì jáde. Fífọ̀ ló fẹ́.

3. Síìlì ẹ̀yìn, níbi tí pùròpẹ́là ti wọ gíábọ́ọ̀sì lára ọkọ̀ bíi Toyota Hiace. Lára Volkswagen Golf, ibi tí ṣáàfù táyà iwájú méjèèjì ti jáde ni.

4. Síìlì iwájú, láàrin gíábọ́ọ̀sì àti ẹ́ńjìnnì. Ọ́ìlì ibẹ̀ lè ta sára kúlọ́ọ̀ṣì, tí ẹ́ńjìnnì yóò máa ké tí ọkọ̀ kò ní sáré. Gíábọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kí ọwọ́ tó tó o. Ti mẹkáníìkì nìyẹn.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣeé ṣe nílé fún ẹni tó mọ sípánà lò. Jáàkì nìkan kò tó. Kí wọ́n fi irin ìdúró gbé ọkọ̀. Búlọ́ọ̀kù ilé lè fọ́ lójijì, ó sì lè pa èèyàn.

Púlọ́ọ̀gì òkè ni kí wọ́n kọ́kọ́ tú. Bí wọ́n bá tú ọ́ìlì dànù tán tí ti òkè sì kọ̀ tí kò ṣí, ọkọ̀ náà kò ní lè kúrò lójú kan. Bí wọ́n bá yọ pùròpẹ́là, kí wọ́n sàmì sí ibi tí wọ́n ti tú u, kó lè padà bó ṣe wà. Kí wọ́n wo irin tó ń wọ inú síìlì: bí síìlì àtijọ́ bá ti gbẹ́ ojú rẹ̀, tuntun náà yóò jò. Kí wọ́n fi ọ́ìlì pa ètè síìlì tuntun, kí wọ́n sì gbá a wọlé ní gígún.

Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n ti ń da ọ́ìlì sí, títí yóò fi dé etí ihò òkè. Èyí tí ìwé ọkọ̀ sọ ni kí wọ́n rà. Àwọn ọ́ìlì GL-5 kan lè jẹ idẹ inú gíábọ́ọ̀sì tí wọ́n ṣe fún GL-4.

Ẹni tó bá ń lọ sí Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ mìíràn, kó mú síìlì àtijọ́ dání, kí wọ́n má baà ta èyí tí kò bá a mu fún un. Owó síìlì kan kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti gíábọ́ọ̀sì tòkunbọ̀, ká má tíì sọ ti ọjà tí kò dé ọ̀dọ̀ oníbàárà. Kékeré la ti ń pẹ̀kan ìrókò.