Ibà Apọ́njú, Jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti Mẹ́dọ̀wú: Èwo Ni Kí Á Máa Pe Èwo?

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí á máa wo ìdí àrùn kí á tó pè é lórúkọ, nítorí orúkọ tí a bá fún àìsàn ni yóò tọ́ka sí ọ̀nà tí a ó gbà wá ìwòsàn rẹ̀. Ní Akówọnjọ, ní Èkó níhìn-ín, láti ìdí igbá àwọn ìyá alágbo títí dé ẹnu ọ̀nà kẹ́míìsì, orúkọ mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń fi rọ́pò ara wọn: ibà apọ́njú, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ àti mẹ́dọ̀wú. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tí ó bá sì dà wọ́n pọ̀ lè fi ẹ̀mí aláìsàn tàfàlà.

Kí á ti orí apọ́njú bẹ̀rẹ̀. Pọ́n kì í ṣe pupa bí ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ìbẹ́pẹ tí ara rẹ̀ di ìyeyè, a ní ó ti pọ́n. Nígbà tí funfun ojú aláìsàn bá di ìyeyè, a ní ojú rẹ̀ pọ́n. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá tún yí padà, a fi kún un, a ní apọ́njú-pọ́ntọ̀. Àwọn baba wa tí ó fúnni ní orúkọ yìí wo ara aláìsàn fínnífínní, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Ṣùgbọ́n àmì ni wọ́n rí, kì í ṣe ohun tí ó fà á. Fáírọ́ọ̀sì tí ẹ̀fọn ń gbé kiri lè pọ́n ènìyàn lójú, fáírọ́ọ̀sì mẹ́dọ̀wú lè pọ́n ọn lójú, ibà lásán tí ó bá le gan-an lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ti ẹ̀fọn yìí ni àwọn onímọ̀ tí àjọ Rockefeller kó wá sí Yábàá, ní Èkó Akéte, fi ọ̀bọ wádìí ní 1927, tí wọ́n sì fi hàn pé fáírọ́ọ̀sì ni ó wà nídìí rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Adrian Stokes, kó àrùn náà, ó sì kú sí Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà gan-an.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ẹ̀dọ̀. Ẹni tí ó bá dúró ti alápatà níbi tí ó ti ń kun màlúù, ìbáà ṣe ní odò ẹran Oko-Ọba ní Agége, yóò rí i bí ó ti máa ń fi ṣóńṣó ọ̀bẹ yọ òróòro kúrò lábẹ́ ẹ̀dọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí bí àpò kékeré náà bá bẹ́, ẹ̀dọ̀ yóò korò, oníbàárà kò sì ní í rà á. Bí Ẹlẹ́dàá ti tò wọ́n nìyẹn, ẹ̀dọ̀ lókè, òróòro nísàlẹ̀. Òun náà ni a fi ń pàrọwà fún ẹni tí ara ń ta pé kí ó fi ẹ̀dọ̀ lé orí òróòro. Bí àrùn bá ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, ohun ìyeyè tí ó yẹ kí ó bá omi òróòro lọ a máa dúró sínú ẹ̀jẹ̀, ojú a sì pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró tí a fi ń mí, ibí yìí sì ni jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà: àwọn kan ń fi pe àrùn ẹ̀dọ̀, àwọn mìíràn ń fi pe ikọ́ tí ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Mẹ́dọ̀wú kò ní irú iyèméjì bẹ́ẹ̀, ohun tí ó mú ẹ̀dọ̀ wú ni. Òun ni kí á máa lò.

Lẹ́yìn orúkọ, ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni Yorùbá fi ń rojọ́ àrùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ipò tirẹ̀: àrùn a máa ràn, ènìyàn a kó o, lẹ́yìn náà ni yóò tó máa ṣe é. Ràn ń béèrè ọ̀nà. Eégbọn lè jẹ́ ọ̀nà: lára ti màlúù ni àwọn onímọ̀ ti rí fáírọ́ọ̀sì kan ní 1964 ní Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, tí wọ́n sọ ní Dùgbẹ̀, tí ó sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri ayé títí di òní. Irú mẹ́dọ̀wú méjì tí à ń pè ní B àti C ní tiwọn, ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀nà wọn: abẹ tí a fi kọlà fún ẹni méjì, abẹ́rẹ́ tí a lò fún aláìsàn kan tí a tún lò fún òmíràn. B a máa gba ọ̀nà ìbálòpọ̀, a sì máa ti ara ìyá bọ́ sí ara ọmọ nígbà ìbímọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé mẹ́dọ̀wú B ń ràn nítorí pé a jọ jẹun nínú abọ́ kan náà ti ṣi ọ̀rọ̀ lò, ó sì ti ṣẹ aláìsàn.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín kó àti ṣe ni ó wúwo jù. Ẹni tí ó kó fáírọ́ọ̀sì B lè wà fún ogún ọdún kí ohunkóhun tó ṣe é. Ojú rẹ̀ kò pọ́n, oúnjẹ ń wọlé, síbẹ̀ ó lè kó o ran ẹlòmíràn. Ìwádìí ìjọba ní 2018 fi hàn pé nínú 100 àgbàlagbà ní Nàìjíríà, ó lé ní 8 tí fáírọ́ọ̀sì yìí wà lára wọn. Nínú ọmọ ọwọ́ mẹ́wàá tí ó bá kó o nígbà ìbí, bí mẹ́sàn-án ni yóò máa gbé e kiri. Nínú 100 àgbàlagbà tí ó bá kó o, iye tí kò ní í lọ lára wọn kò tó 5.

Irú gbígbé e kiri láìṣàìsàn yìí náà ni àwọn oníṣègùn ẹran rí lára màlúù. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún wọn. Bí ó bá ran abo màlúù tí oyún rẹ̀ wà láàárín oṣù kejì sí ìkẹrin, tí ọmọ inú rẹ̀ kò sì kú, ara ọmọ náà yóò gbà á bí ará ilé, yóò máa tú u sáàárín agbo títí ọjọ́ ikú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó lè máa jẹko kí ara rẹ̀ máa dán. Ìdílé kan náà ni fáírọ́ọ̀sì màlúù yìí, ti mẹ́dọ̀wú C àti ti ibà apọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri ti wá. Àwọn àgbà kúkú ti ní àrùn tí ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Nítorí ẹbí yìí ni ó fi jẹ́ pé, lẹ́yìn tí onímọ̀ Michael Houghton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá C mọ̀ ní 1989, tí kò sì ṣe é sìn dáadáa nínú àwo ìwádìí títí di 2005, ti màlúù ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ lò dípò rẹ̀ láti fi mọ bí irú wọn ti ń pọ̀ sí i àti láti fi dán oògùn wò. Lónìí, oògùn oníhóró tí a ń lò fún ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 ń wo C sàn lára ènìyàn tí ó ju 95 lọ nínú 100.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ojú ẹnìkan bá pọ́n, kí á sọ pé ojú rẹ̀ pọ́n, kí á sì mú un lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí á tó fún àrùn rẹ̀ lórúkọ. Bí àyẹ̀wò bá rí fáírọ́ọ̀sì lára ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, kí á sọ pé ó kó o, kí á má sọ pé mẹ́dọ̀wú ń ṣe é. Kí òun náà má sì tìtorí pé kò ṣe é kí ó kọ̀ láti jẹ́ kí dókítà máa wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Igi gọ́ńgọ́ má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: kí ọmọ tuntun gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B kí wákàtí 24 tó pé lẹ́yìn ìbí rẹ̀, nítorí àrùn tí ènìyàn kò bá kó, kò ní í ṣe é.