Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Láyé àtijọ́, olówó máa ń rán ológò lọ jókòó sílé ajigbèsè. Lónìí, inú fóònù ni ológò wà.

Màámi tó ń ta gàrí ní Mowe yáwó lórí fóònù, wọn ò sọ fún wa. Ọjọ́ pé, owó ò pé. Wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè wọ́n lólè sí àwọn oníbàárà wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ̀rọ̀.

A kọ gbogbo gbèsè sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn wá láti Ìfọ̀, wọ́n bá olówó sọ ọ́, ó di sísan díẹ̀díẹ̀.

Láti ọdún 2022 ni àjọ FCCPC ti ń forúkọ àwọn ayánilówó orí fóònù sílẹ̀. Ẹ yẹ orúkọ wọn wò kẹ́ ẹ tó yáwó. Bí wọ́n bá dójú tì yín, ẹ fẹjọ́ sùn níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ tètè sọ ọ́ nílé.