Òkè àti Kòtò Ojú Egungun: Orúkọ Wọn àti Ìdí Tí Wọ́n Fi Wà

Nínú ẹ̀kọ́ nípa ara ènìyàn, kò sí ibi tí ó máa ń sú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ibi tí a bá dé orúkọ àwọn ohun tí ó wà ní ojú egungun. Egungun 206 ni ó wà nínú ara àgbàlagbà, a sì lè fi sùúrù kọ́ orúkọ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí olùkọ́ bá tún mú ẹyọ egungun kan ṣoṣo, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ Látìn mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó wà lára rẹ̀, ọkàn ẹlòmíràn a rẹ̀wẹ̀sì. A ó há wọn sórí títí ìdánwò yóò fi kọjá, lẹ́yìn náà a ó gbàgbé wọn pátápátá. Ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹ rí, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ni pé àwọn orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ awo. Ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ ilé ìdáná ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jẹ́ ní èdè àwọn ará Róòmù àti àwọn Gíríkì, kí àwọn oníṣègùn tó yá wọn lò. Bí ó bá sì jẹ́ ọ̀rọ̀ oko ni wọ́n, kí ni ó lè dí àwa Yorùbá lọ́wọ́ láti mọ̀ wọ́n?

Ẹ lọ sí ọ̀dọ̀ alápatà, kí ẹ ra egungun itan ewúrẹ́ tàbí ti màlúù. Ẹ sè é dáadáa, kí ẹ ha gbogbo ẹran ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Egungun kan báyìí lórí tábìlì sàn ju àwòrán mẹ́wàá lójú pátákó lọ. Bí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé kò rí bí ọ̀pá tí a fá. Ibì kan ń dán, ó sì ń yọ̀. Ibòmíràn rí págunpàgun. Ibì kan yọ síta bí kókó igi. Ibì kan sì wọnú bí ẹni pé a fi àtàǹpàkò tẹ amọ̀ tútù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ṣèèṣì wà níbẹ̀.

Ibi tí ó ń dán ni kí a kọ́kọ́ wò. Ní òkè egungun itan ni orí rẹ̀ wà, ó sì rí rogodo. Orí yìí ni ó wọ inú kòtò kan lára egungun ìbàdí, gẹ́gẹ́ bí orí ọmọ odó ti ń yí nínú odó. Àwọn ará Róòmù pe kòtò náà ní acetabulum, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ife kékeré tí wọ́n máa ń bu ọtí kíkan sí nídìí oúnjẹ. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí egungun tí ó ń dán báyìí, ẹ mọ̀ pé oríkèé wà níbẹ̀: kerekere ni ó bò ó nígbà tí ẹran náà wà láàyè, kí egungun má baà máa ha egungun. Ní ìsàlẹ̀ orí yìí ni ọrùn wà, níbi tí egungun náà ti tínrín, tí ó sì dà gọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó tó bọ́ sí ara ọ̀pá rẹ̀. Ọrùn yìí ni ó máa ń kán nígbà tí àwọn àgbà, pàápàá àwọn ìyá arúgbó, bá ṣubú. Nítorí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ orí egungun náà gba ojú ọrùn yìí kọjá, bí ọrùn bá kán, orí lè kú sí inú kòtò rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọdọ̀ fi irú ìpalára bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láìgbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Nísinsin yìí ibi tí ó yọ síta. Ní ẹ̀gbẹ́ òde, nítòsí ọrùn, ni kókó ńlá kan wà tí a ń pè ní trochanter ńlá. Ọ̀rọ̀ Gíríkì ni, ó sì wá láti inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí eré sísá. Ó bá a mu, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ẹran ìdí tí a fi ń rìn tí a sì fi ń sáré so mọ́. Ẹ lè mọ̀ ọ́n lára yín láìfi ọ̀bẹ kan ẹnikẹ́ni: ẹ dìde dúró, kí ẹ fi ọwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ itan lókè pátápátá, kí ẹ sì máa yí ẹsẹ̀ sí ọ̀tún àti sí òsì. Ohun líle tí ẹ ó bá tí ó ń yí lábẹ́ ọwọ́ yín, òun gan-an nìyẹn.

Kí ni ìdí rẹ̀ tí egungun fi ń yọ kókó báyìí? Agbára tí ń fà á ni. Julius Wolff, oníṣẹ́ abẹ kan ní ilẹ̀ Jámánì, tẹ ìwé kan jáde ní 1892, nínú èyí tí ó ti ṣàlàyé pé egungun a máa tún ara rẹ̀ mọ gẹ́gẹ́ bí ẹrù tí ó ń gbé. Egungun kì í ṣe òkúta, ohun alààyè ni. Ibi tí a bá ń fà tí a sì ń tì lójoojúmọ́ a máa le sí i. Èyí tí a kò bá fún ní iṣẹ́ a máa fúyẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lára aláìsàn tí ó pẹ́ lórí ibùsùn, àti lára àwọn tí ó gbé oṣù púpọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú lókè ayé, níbi tí ara kò ti wúwo. Àpẹẹrẹ tí ó wù mí jù lọ ni kókó tí ó wà lẹ́yìn etí, èyí tí àwọn Gíríkì fi wé ọmú, tí a sì ń pè ní mastoid nítorí náà. Ọmọ tuntun kò ní in. Nígbà tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí gbé orí rẹ̀ dúró, ẹran ọrùn tí ó so mọ́ ibẹ̀ a máa fà á, kókó náà a sì máa hù díẹ̀díẹ̀ láàrin ọdún méjì àkọ́kọ́. Olùkọ́ ní láti mọ ibẹ̀ fún ìdí mìíràn. Inú kókó yìí ní àwọn ihò kéékèèké bí afárá oyin, ọ̀nà sì wà láti inú etí wọ ibẹ̀. Bí ọmọ ilé ìwé tí etí rẹ̀ ń ṣọyún bá wá ní wíwú àti ìrora lẹ́yìn etí, ọ̀ràn ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ọpọlọ kò jìnnà sí ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orúkọ. Àwọn kan ń fẹ́ kí a pe gbogbo ohun tí ó yọ síta ní “òkè” kí ọ̀rọ̀ sì tán. Èmi kò fara mọ́ èyí, nítorí èdè wa kò tòṣì tó bẹ́ẹ̀. Crista ni àwọn ará Róòmù ń pe ohun tí ó wà lórí àkùkọ. Àwa ń pè é ní ogbe. Nígbà náà, etí òkè egungun ìbàdí, tí ọwọ́ wa máa ń gbé lé bí a bá dúró tí a fi ọwọ́ sí ìbàdí, ogbe ni. Spina túmọ̀ sí ẹ̀gún, kí a pe èyí tí ó ṣe ṣóńṣó ní ẹ̀gún. Condyle ni kókó ìka ọwọ́ lédè Gíríkì, ẹ sì wo ìsàlẹ̀ egungun itan níbi orúnkún bí kò bá rí bí kókó ìka méjì tí a dì pọ̀. Foramen ni ihò. Ihò tí ó tóbi jù lọ ní ìsàlẹ̀ agbárí, níbi tí mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn ti bá ọpọlọ pàdé, kò ní orúkọ mìíràn ní Látìn ju “ihò ńlá” lọ. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò wá ọ̀rọ̀ jìnnà. Fossa ni kòtò. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù ni sulcus, èyí tí àwọn àgbẹ̀ Róòmù ń pe ojú ibi tí ohun ìtúlẹ̀ wọn bá là kọjá. Poro ni, poro oko gan-an, irú èyí tí ó wà láàrin ebè àti ebè.

Ibì kan wà tí èdè wa lè dà wá láàmú, kí olùkọ́ sì ṣọ́ra níbẹ̀. “Iṣan” ni a ń pe okùn tí ó so ẹran ara mọ́ egungun, iṣan náà ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan náà sì ni èyí tí ó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ láàrin ọpọlọ àti ara. Bí a kò bá fi ọ̀rọ̀ kún un, ọmọ yóò rò pé ohun kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Egungun apá yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn. Ní àárín rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òde, kókó kan wà tí ẹran èjìká so mọ́ nípa iṣan àkọ́kọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni poro kan ti lọ́ yípo egungun náà wálẹ̀, inú poro yìí sì ni iṣan ìmọ̀lára kan gbà lọ sí ọwọ́. Bí apá bá kán ní àárín, iṣan náà lè fara gbọgbẹ́, ọrùn ọwọ́ a sì rọ wálẹ̀ tí kò ní lè gbé sókè. Arábìnrin rẹ̀ ni èyí tí ó gba ẹ̀yìn kókó inú ìgbọ̀nwọ́ kọjá, tí ó máa ń ta wá bí mànàmáná dé ìka tí ó kéré jù bí a bá fi ìgbọ̀nwọ́ gbá ara tábìlì.

Kì í ṣe àwa nìkan ni orúkọ ti dà láàmú. Lẹ́yìn tí Vesalius ti tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ara ènìyàn jáde ní Basel ní 1543, olúkúlùkù ọ̀mọ̀wé ni ó ń sọ ohun tí ó bá rí ní orúkọ tí ó wù ú, títí orúkọ fi di nǹkan bí 50,000. Ní Basel kan náà ní 1895 ni àwọn ọ̀mọ̀wé dín wọn kù sí 5,000 ó lé díẹ̀. A ti tún wọn ṣe nígbà púpọ̀ láti ìgbà náà, a sì tẹ àkójọ tuntun kan jáde ní 1998.

Ó ku ohun méjì tí ó kan iṣẹ́ wa tààrà. Lábẹ́ orúnkún, ní iwájú ojúgun, kókó kan wà níbi tí iṣan líle láti orí orúnkún so mọ́. Lára ọmọ tí ó ń dàgbà, kókó yìí kò tíì le tán. Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá ń gbá bọ́ọ̀lù tí ó sì ń fò púpọ̀, ibẹ̀ lè wú kí ó sì máa dùn ún. Osgood ní Amẹ́ríkà àti Schlatter ní Switzerland ni wọ́n ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1903, ọ̀kan láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkejì. Ẹnikẹ́ni kò sa oògùn sí ọmọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Kí olùkọ́ eré ìdárayá dín fífò rẹ̀ kù, yóò sì máa lọ bí ọmọ náà ti ń dàgbà.

Èkejì ni abẹ́rẹ́ tí a ń gún ní ìdí. Iṣan ìmọ̀lára tí ó nípọn jù lọ nínú ara gba inú ẹran ìdí kọjá lọ sí ẹsẹ̀, ọmọ tí abẹ́rẹ́ bá sì bà á lè máa wọ́ ẹsẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ojú egungun ni olùtọ́jú fi ń mọ ibi tí ó yẹ: ẹ̀gún ẹ̀yìn egungun ìbàdí, níbi tí ihò kékeré máa ń hàn lójú awọ lókè ìdí, àti trochanter ńlá tí ẹ ti fi ọwọ́ tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá fa ìlà láti ọ̀kan dé èkejì, òkè ìlà náà, sí ẹ̀gbẹ́ òde, ni ibi abẹ́rẹ́. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni iṣan náà wà. Ní ti ọmọ ọwọ́, tí ẹran ìdí rẹ̀ kò tíì tó nǹkan, iwájú itan ní ẹ̀gbẹ́ òde ni a ń gún un sí, níbi tí kò sí iṣan ńlá irú èyí.